Abúlé Etí Odò Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ṣelé

Mo rántí òórùn abúlé náà kí n tó rántí bó ṣe rí: koríko tútù, ìgbẹ́ àgùntàn, àti èéfín igi tó ń rú jáde lórí òrùlé. Òjò kan ń rọ̀ tí kò ní ariwo, irú òjò tó jẹ́ pé aṣọ èèyàn á ti rin gbindin kó tó mọ̀ pé òjò wà nílẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó gbé mi débẹ̀ já mi sílẹ̀ lẹ́bàá afárá olókùúta, ó yí padà, ó lọ. Mo dúró ti àpótí mi, mo wọ̀tún, mo wòsì. Ilé olókùúta tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn gbogbo wọn wà ní títì, òkè sì yí wọn ká bí ó ṣe yí Ìmẹ̀sí-Ilé ká. Odò kan gba àárín wọn kọjá, omi rẹ̀ pọ́n bí tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, síbẹ̀ ó mọ́ débi pé mo ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ Skọ́tlándì nìyẹn. Èmi tí mo ti Òkè Fíà ní Òṣogbo wá, níbi tó jẹ́ pé ariwo ọlọ́kadà àti ti àwọn tó ń pèrò sí mọ́tò ló ń jí mi láràárọ̀, ìdákẹ́jẹ́ náà dẹ́rù bà mí. Mo rò pé abúlé náà ń ṣọ̀fọ̀ ni. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé wọ́n kúkú ṣeun, wọ́n mọyì ẹ̀gbọ́n mi. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń wà nìyẹn, òkú kú o, òkú ò kú o.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kú síbẹ̀. Àwa méjì péré ni Yèyé wa bí, òun ni àkọ́bí. Ilé ìwé girama ni mo ṣì wà nígbà tó lọ sókè òkun, iṣẹ́ tó sì rí ṣe níbẹ̀ ni ìtọ́jú àwọn arúgbó, kí ó wẹ̀ fún wọn, kí ó fún wọn lóúnjẹ, kí ó mú wọn rìn jáde nígbà tí oòrùn bá yọ. Láti ìlú ńlá kan ló ti ṣí lọ sí abúlé etí odò yìí, ó fẹ́ obìnrin ibẹ̀, ó sì jókòó. Wọn ò bímọ. Ìgbà kan ṣoṣo ló wálé láàárín gbogbo ọdún náà, ìyẹn nígbà tí a sin bàbá wa. Ṣùgbọ́n kì í pa fóònù jẹ. Ó máa ń sọ fún Yèyé pé abúlé òun dákẹ́ bí oko bàbá wa lẹ́yìn Ọ̀tan-Ilé, pé ẹyẹ ló ń jí òun. Yèyé á fi ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ọma mi, bó bá jẹ́ oko ló wù ọ́, ṣé oko ò sí lúlé ni?" Á rẹ́rìn-ín, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, àwa náà sì fi ọkàn wa sí i. A ń retí ọjọ́ tó máa fẹ̀yìn tì.

Kò fẹ̀yìn tì. Ibi tó ti ń gé koríko iwájú ilé rẹ̀ ló ṣubú sí, ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí ìròyìn náà kàn wá, ilé àbúrò bàbá wa ní Iléṣà la kóra jọ sí. Bàbá kékeré yìí ni olórí ẹbí wa, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ a sì máa dán bí bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pólíṣì kùn. Ibẹ̀ la wà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi pè. Wọ́n fi fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Obìnrin náà ń sunkún. Ó ní ọkọ òun ti sọ pé bí òun bá kú, kí wọ́n má ṣe ariwo, pé etí odò ni òun fẹ́, ó wá bèèrè bóyá ẹbí fara mọ́ ọn, tàbí ohun mìíràn wà tí a fẹ́.

Bàbá kékeré wú ikọ́. Ó ní, "Ìyàwó wa, ìwọ lo lọkọ rẹ. Ohun tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn ló tẹ́ àwa náà lọ́rùn. A ti fa gbogbo rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́."

Àwọn àgbà tó jókòó mi orí. Inú èmi gan-an dùn, mo ní ẹ wo bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ nílẹ̀ wa mọ ohun tó kù. Ẹni tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ kì í gbé e sáré. Yóò kúnlẹ̀, yóò ní rárá o, ẹ̀yin àgbà lẹ lọ̀rọ̀, bí ẹ bá ṣe wí ni àwa ó ṣe. Ìgbà náà ni àgbà yóò tó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Gbogbo wa na etí sí fóònù, à ń dúró kó dá ọ̀rọ̀ náà padà. Ohun tí a gbọ́ ni pé ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni," fóònù sì dákẹ́.

Bàbá kékeré ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." A gbà bẹ́ẹ̀. A ní yóò tún pè.

Yèyé kò sí níbi ìpàdé yẹn, Ọ̀tan-Ilé ló wà, àwọn obìnrin ilé rọ̀gbà yí i ká. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: kí wọ́n gbé ọmọ òun wálé. Ó mọ̀ pé gbígbé òkú kọjá òkun kì í ṣe ohun tí apá wa ká. Ó ní kí wọ́n gé irun rẹ̀ wá nígbà náà, irun àti èékánná. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò lè wálé, bí wọ́n ti í ṣe fún un nìyẹn láti ayébáyé. Wọ́n á sin irun àti èékánná náà sílé, gbogbo èèyàn á sì gbà pé ó ti délé, ó ti sùn sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Yèyé mọ̀ pé òun kò ní fojú kan ibojì náà. Òbí kì í rí sàárè ọmọ nílẹ̀ wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sin ọmọ, wọ́n á mú ìyá rẹ̀ kúrò nílé, wọn ò sì ní fi ibẹ̀ hàn án títí ayé. Èyí kò dà á láàmú. Ó kàn fẹ́ kó wà nílé ni. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi ò bímọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wálé." Mo ṣèlérí fún un. Mo tilẹ̀ fi ẹnu wẹ́rẹ́ ṣe é, bí ẹni pé wọ́n rán mi lọ sí Ifẹ̀wàrà lọ ra àgbàdo.

Ẹ má bi mí bóyá a tún pe ìyàwó wa láti sọ fún un. A pè é, a kí i kú ọ̀fọ̀, a ní mò ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ irun àti èékánná kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, ojúkojú ni wọ́n ń sọ irú rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ni mo sì máa fi ọwọ́ ara mi gé e. Ní ti pé bóyá òkú á dúró dè mí, kò sẹ́ni tó rò ó. Ta ló ń sin òkú nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́nà? Lọ́dọ̀ wa, bí ó bá fẹ́ kó pẹ́ oṣù mẹ́ta ní mọ́ṣúárì, á pẹ́ ẹ. Físà fi mí sí ìrìn-àjò Èkó títí ó fi sú mi. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyàwó wa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀, pé wọ́n ń retí mi. Mo rò pé àwọn méjèèjì ló ń retí mi, òun àti ẹ̀gbọ́n mi.

Yèyé fún mi ní aṣọ funfun kan láti fi di irun àti èékánná náà, ó sì ra abẹ tuntun fún mi. Èmi akọ̀wé ìjọba, tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọ́fíìsì wa bí wọ́n ṣe ń ṣe lókè òkun nígbà tí mi ò tíì wọ bàálù rí, inú báàgì ọwọ́ mi ni mo kó abẹ sí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó gbà á bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi gé èékánná ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n máa kọjá.

Bí mo ṣe dúró sínú òjò létí afárá náà ni mo rí ìyàwó wa tó ń bọ̀. Obìnrin gíga ni, orí rẹ̀ ti funfun, ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún bí ẹni ń lọ sí àbàtà. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ bíbí ilé ni mí, ọkọ ni mo jẹ́ fún un, mo sì ti múra sílẹ̀ láti sọ fún un pé kó má wulẹ̀ kúnlẹ̀, kó dìde. Kò kúnlẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó sì sunkún sí èjìká mi lójú ọ̀nà gbangba títí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun tèmi. Ó mú mi wọ ilé. Ilé náà mọ́ tónítóní. Ó gbé tíì fún mi, ó gbé àkàrà òyìnbó tí àwọn ará abúlé gbé wá. Mo bi í pé ìgbà wo la máa lọ wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Lọ́la, bí òjò bá dá. Ibẹ̀ lẹ́wà nígbà tí oòrùn bá yọ." Mo bi ara mi pé mọ́ṣúárì wo ló ń lẹ́wà báyìí? Ṣùgbọ́n mo ní ìlú tí a bá dé là ń wò.

Òjò dá lọ́jọ́ kejì. A gba etí odò lọ. Mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, mo ń bi wọ́n léèrè ilé àti ọmọ, wọ́n ń sọ fún mi bí ojú ọjọ́ ṣe rí. A bá ọkùnrin kan tó dúró sínú omi dé itan, ọ̀pá ìpẹja gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú mi ló ṣe fa ẹja kan jáde, ẹja tó tóbi tó apá mi. Inú mi dùn fún un. Ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé e dání bí ìkókó, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Mo pariwo pé, "Ó bọ́!" Ìyàwó wa ní kò bọ́, pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ni, wọ́n á mú un, wọ́n á sì dá a padà fún odò. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di igi mú. Mo ní n ó ròyìn èyí fún Yèyé, yóò rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí.

Níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, igi ńlá kan wà, bẹ́ǹṣì onípákó kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó ní, "Ibí ni."

Mo wo ilẹ̀. Koríko ni, kò sí òkìtì, kò sí òkúta. Mo ní, "Sàárè rẹ̀ dà?"

Ó na ọwọ́ sí omi. Mo wo òdìkejì odò, mo rò pé ọ̀hún ló ń fi hàn mí, mo sì ń wá ibi tí a máa gbà sọdá. Ó ní rárá, inú omi gan-an ni. Ó ní, "A sun ún, bó ṣe fẹ́. Èmi ni mo da eérú rẹ̀ síbí. Ó ti lé lóṣù kan. Bàbá kékeré yín ní kí n ṣe bó bá ṣe tẹ́ mi lọ́rùn."

Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò sí èyí tí kò yé mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún ní kó sọ ọ́. Ó tún un sọ. Mo jókòó sínú koríko tútù, mo káwọ́ lérí, mo sì fi ohùn Ìjẹ̀ṣà ké pe ẹ̀gbọ́n mi, ohùn tí mi ò rántí pé mo ṣì ní láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ará Òṣogbo ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó ń pẹja nísàlẹ̀ odò gbójú sókè, ó sì yára kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọn kì í wo ẹni tó ń sunkún níbẹ̀. Wọ́n kà á sí ìwà ọmọlúwàbí.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo sọ fún un nípa irun àti èékánná. Mo sọ ti Yèyé. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń yé e. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Mo bi yín. Mo pè yín kí n lè bi yín." Kí ni mo fẹ́ wí? Pé a retí kó kọ̀ ọ́ fún wa? Pé òun ló yẹ kó bẹ̀ wá kí a tó sọ ohun tí a fẹ́? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tó wá jáde lẹ́nu Bàbá kékeré yìí, ọ̀wọ̀ ló fi jù ú sílẹ̀, gbogbo wa ló sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Òun ló kọ́kọ́ dìde. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní ká lọ wá irun rẹ̀, bóyá ó kù síbì kan nínú ilé. A fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ sí ilé ìwẹ̀, à ń wo ihò tí omi ń gbà lọ, à ń wo abẹ́ ibùsùn, à ń wo ọrùn kóòtù àti inú fìlà. Òòyà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́. Ó ti fọ ìrọ̀rí, ó ti fọ aṣọ ibùsùn, ó ti kó ìyókù aṣọ rẹ̀ fún àwọn tí kò ní, ó sì ti gbá gbogbo ilé náà láti igun dé igun. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, ilé ni òun ń tún ṣe, nítorí òun kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. Ó jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, ó di òòyà yẹn mú, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lórí pé ó gbálẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n mi ló dìídì sọ pé kí wọ́n sun òun. Ó ní ọkọ òun ló sọ ọ́. Mo ní ṣé kò sọ ohunkóhun nípa ilé? Ó rí i pé òtítọ́ ni mo ń bèèrè. Ó ní, "Ó sọ ọ́. Ó ní ibí nilé òun."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí ju ti iná lọ. Mo lo ìyókù ọjọ́ tí físà mi gbà lórí bẹ́ǹṣì etí odò yẹn. Abúlé náà lẹ́wà, n kò ní parọ́. Àgùntàn ń jẹko lórí òkè, oòrùn ń ràn lójú omi, ẹyẹ kan wà tó ń rìn lábẹ́ omi tí yóò sì tún jáde. Arúgbó kan wá jókòó tì mí, ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń wẹ̀ fún òun, pé ó máa ń kọ orin kan lédè wa bó bá ti ń wẹ̀ fún òun, pé ọ̀kan lára àwọn ni. Ó fẹ́ fi tù mí nínú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń wo omi, mo ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ láì dúró. Mo ronú pé bí mo bá tiẹ̀ bu omi náà sínú ìgò, omi ọjọ́ tí mo bù ú ni n ó bù. Ti ọjọ́ rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tí mo padà, Iléṣà ni mo kọ́kọ́ yà. Bàbá kékeré gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbé e wọ̀ padà. Kò dá ara rẹ̀ láre, kò sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó kàn ní, "Ìyá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ iná." Nígbà tó yá, ó tún fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni wá, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, pé bí mo bá gé díẹ̀ nínú irun tèmi tí mo dì í sínú aṣọ, ta ló fẹ́ tú u wò? Òbí kì í rí i náà ni. Mo wo bàbá arúgbó náà, mo rí i pé ojú ń tì í ni. Mo gbé àpótí mi. Àwa méjèèjì wọkọ̀ lọ sí Ọ̀tan-Ilé.

Yèyé jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta, àti àbúrò ọkọ rẹ̀ náà. Ó ní kí n sún mọ́ òun.

"Ọma mi, ṣé o bá a?"

"Mi ò bá a, Yèyé."

"Wọ́n ti sin ín?"

"Inú odò ló wà, mà."

Ó ní, "Èèyàn tó sanra tó yẹn? Odò yẹn jìn púpọ̀ ni?" Mo ní kò jìn. Ẹnu mi kò gbà láti sọ èyí tó kù. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń pa orúnkún rẹ̀, mo rí ìgbà tó dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: "Iná ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló ní kí wọ́n ṣe é?"

Bí mo bá darúkọ ìyàwó wa, kò sí ẹni tó máa bá mi jiyàn ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n mo ti rí obìnrin yẹn lórí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni, Yèyé."

"Ó ní ulé òun nìyẹn?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Èmi ò sì mọ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò sunkún. Ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn èèyàn dúró sí tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàárè bàbá wa, kí wọ́n sì mú òun lọ sílé onílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ẹ.

Mo ní, "Yèyé, kí la máa sin?"

Ó ní, "Ìyẹn ò kàn mí. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ kú, ṣebí wọ́n máa ń fi sàárè ọmọ pamọ́ fún un. Ẹ fi pamọ́ fún èmi náà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Àwọn obìnrin ilé mú un lọ sí ìpẹ̀kun ìlú lódìkejì, wọ́n jókòó tì í di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹbí gbẹ́lẹ̀, Bàbá kékeré gbàdúrà, ohùn rẹ̀ kò dán mọ́. Wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n sì rọ́ iyẹ̀pẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti kó o. Nígbà tí wọ́n mú Yèyé dé, iwájú ilé ló gbà wọlé.

Ọdún ti gorí ọdún báyìí. Bí mo bá ti ráyè ní ọ́fíìsì, mo máa ń ti Òṣogbo lọ wò ó. Ara rẹ̀ ti di ara àgbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ríran. Ẹ̀yìnkùlé tó ti ń gbin ewébẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, kò yọjú síbẹ̀ mọ́. Bó bá nílò ohunkóhun níbẹ̀, ó máa ń rán ẹlòmíì. Bí àlejò bá sì fẹ́ gbabẹ̀ kọjá, òun náà ló máa ń yára pè é padà pé kó gba iwájú. Gbogbo wa là ń fi ohun tí kò sí pamọ́ fún un, òun náà sì ń bá wa fi í pamọ́.